JẸ́LÉ-Ó-SINMI: ÌTÀN Ẹ̀KỌ́ ỌMỌ KÉKERÉ LÁÀÁRÍN ILÉ ÀTI ILÉ-ÌWÉ



Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni jẹ́lé-ó-sinmi, orúkọ tí Yorùbá fún ilé-ìwé àwọn ọmọ tí wọn kò ì tí ì tó ọmọ ọdún mẹ́fà. Bí a bá tú u palẹ̀, odidi gbólóhùn ni: jẹ́ kí ilé ó sinmi. Ẹ ṣe àkíyèsí pé orúkọ náà kò sọ ohunkóhun nípa ìwé, kò sọ nípa eré, kò sì sọ ohun tí ọmọ yóò rí gbà níbẹ̀. Ilé ni ó ń ṣàánú. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọmọ yìí ti da ilé láàmú tó. Ẹ mú un lọ sí ibi tí wọn yóò ti bá wa mójú tó o, kí ìyá lè ráyè ṣiṣẹ́, kí ilé sì tòrò. Ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ gba orúkọ, ọgbà àwọn ọmọdé ni wọ́n pè é. Orúkọ tiwọn ń wo ọmọ, tiwa ń wo ilé.

Mo mọ̀ pé àwàdà wà nínú orúkọ tiwa. Ṣùgbọ́n lítíréṣọ̀ ni mo fi ṣe iṣẹ́ ṣe, ara iṣẹ́ náà sì ni kí n máa fi etí sí ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ilé tí a ní kí ó sinmi yìí gan-an ni ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ Yorùbá ní. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀, ó ní ìṣirò tirẹ̀, ó sì ní èdè tirẹ̀. Láti nǹkan bí 170 ọdún sẹ́yìn ni a ti ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ilé-ìwé tí a sì gbé e fún kò tí ì lè ṣe é tán.

Ifọ́n àti agbègbè rẹ̀, ní ìhà Ọ̀sẹ́ àti Ọ̀wọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni n ó ti máa mú ọ̀pọ̀ àpẹẹrẹ. Kì í ṣe Ifọ̀n Orólù ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ń wí. Ifọ́n tí ó wà lójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìbíní ni.

Ilé gẹ́gẹ́ bí ilé-ìwé àkọ́kọ́

Kí ilé-ìwé tó dé, kò sí ẹni tí ó jókòó tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí ni ọmọ ọdún mẹ́ta yóò kọ́, báyìí ni ọmọ ọdún mẹ́rin yóò kọ́. Síbẹ̀, ètò wà. Ohun tí ó wà nítòsí ni ohun èlò: amọ̀, yanrìn, imọ̀ ọ̀pẹ, pòpórò àgbàdo, òwú, èkùrọ́, ọmọ ayò. Àgbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ni olùkọ́. Ẹ̀gbọ́n tí ó fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta ju ọmọ lọ sì ni igbákejì olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú amọ̀ ṣáájú. Bí òjò bá dá, àwọn ọmọ a bọ́ síta. Èyí tí ó kéré jù a ki ẹsẹ̀ bọ inú yanrìn tútù, a fi ọwọ́ lù ú títí yóò fi dì, a sì fa ẹsẹ̀ yọ jẹ́jẹ́ kí ilé tí ó kọ́ má baà wó. Ọmọ náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: pé yanrìn gbígbẹ kì í dì, pé omi àpọ̀jù a máa ba ilé jẹ́, àti pé ìkánjú a máa wó ohun tí sùúrù kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó ti tó ọmọ ọdún márùn-ún a mọ ìkòkò àti ààrò, a sì sá wọn sí oòrùn. Ní agbègbè tí mo ń sọ yìí, amọ̀ kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ní ọdún 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó'Lájà ní Ọ̀wọ̀, ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí a ṣírò pé wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ó bá wo ojú ènìyàn tí a mọ sára wọn yóò gbà pé ọwọ́ tí ó ṣe wọ́n kì í ṣe ọwọ́ tí ó dàgbà tán kí ó tó fọwọ́ kan amọ̀. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Lẹ́yìn amọ̀ ni híhun. Àwọn obìnrin Ọ̀wọ̀ ni ó ń hun kíjìpá àti Ṣẹghọṣẹn lórí òfì tí a gbé nàró. A kì í fi òfì lé ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́. Òwú ni a ń fún un pé kí ó ṣa kóró inú rẹ̀ kúrò, kí ó sì máa wo bí a ti ń ran án. Bí ọ̀rọ̀ ti rí náà nìyẹn ní Ògòtún ní Èkìtì, ìlú tí a mọ̀ fún ẹní híhun. Ìyá yóò gé èyí tí kò wúlò fún un lára koríko ẹní sọ́wọ́ ọmọ, ọmọ yóò sì máa kọ́ bí a ti ń gbé ọ̀kan sókè, tí a ń tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ohun tí olùkọ́ ìṣirò ń pè ní ètò ìtòtẹ̀léra, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní orúkọ fún un. Àwọn ọmọkùnrin a ká imọ̀ ọ̀pẹ ní ìká orí àgbélébùú, wọn a fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ gún un láàárín, wọn a sì sáré kọjú sí afẹ́fẹ́ kí ó lè máa yí. Kò pẹ́ tí ọmọ fi ń mọ̀ pé bí ewé bá gùn lápá kan ju èkejì lọ, kò ní í yí dáadáa.

Ní ti òǹkà, gbogbo wa ni a mọ orin tí a fi ń kọ́ ọmọ láti ení dé ẹ̀wá, tí ohùn rẹ̀ a máa gbé ọmọ láti nọ́ńbà kan bọ́ sórí èkejì. Ṣùgbọ́n lára ọpọ́n ayò ni òǹkà ti ń di ohun tí ọwọ́ mọ̀. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni a ń tò sínú wọn, mẹ́rin mẹ́rin. Ọmọ ọdún márùn-ún kò mọ ayò ta, àmọ́ ó lè bá àgbà to ọmọ ayò. Bí mẹ́ta bá bọ́ sínú ihò kan, márùn-ún yóò wà níbòmíràn, òun fúnra rẹ̀ yóò sì wá àtúnṣe sí i. A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé òǹkà Yorùbá kò rọrùn. Láti márùn-ún-dín-lógún títí dé ọ̀kan-dín-lógún, ogún ni à ń wò kí a tó yọ kúrò nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó bá fi èdè yìí ka nǹkan ti ń ṣe ìyọkúrò kí ó tó gbọ́ pé ohun kan wà tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́, àlọ́ ni. Àlọ́ àpamọ̀ ni ó máa ń ṣáájú àlọ́ àpagbè, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Àpamọ̀ ń ta ọpọlọ jí: ó ń sọ nípa nǹkan tí ọmọ ń rí lójoojúmọ́, bí i ẹyin, ahọ́n tàbí òjìji, bí ẹni pé kò rí i rí. Ọmọ tí ó bá já a ti fi ohun kan wé èkejì, àfiwé sì ni gbòǹgbò ewì. Èmi kò mọ ilé-ìwé kankan tí ó ń kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún ní àfiwé jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

N kò ní kí a sọ ilé àtijọ́ di ọ̀run. Ilé ní àléébù tirẹ̀. Kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìwé kíkà. Ó pín iṣẹ́ fún ọkùnrin lọ́tọ̀, fún obìnrin lọ́tọ̀. Ó a máa fi ọmọ tí kò tètè mọ nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́, ìgbà mìíràn sì wà tí ohun tí a pè ní ẹ̀kọ́ kò ju pé a rán ọmọ níṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ilé ní: ọwọ́, ẹnu àti ojú ọmọ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni, ní èdè kan náà.

Ìgbà tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílé

Ní ọdún 1837 ni Friedrich Fröbel dá ilé-ìwé àwọn ọmọ kékeré sílẹ̀ ní Blankenburg ní ilẹ̀ Jámánì. Ní 1840 ni ó sọ ọ́ ní ọgbà àwọn ọmọdé. Ìwé kọ́ ni ó kó síwájú wọn. Bọ́ọ̀lù kéékèèké, igi onígun, amọ̀, ìwé títẹ́ tí a ń ká, àti pépà tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ kí ọmọ lè fi hun nǹkan ni. Ìjọba Prussia bẹ̀rù rẹ̀ débi pé wọ́n fòfin de irú ilé-ìwé náà ní 1851, wọn kò sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí òfin náà títí di 1860. Ẹni tí ó bá ka àkójọ ohun èlò Fröbel ní Ifọ́n lè rẹ́rìn-ín, nítorí pé ohun tí wọ́n fi gbèrò jinlẹ̀ kí wọ́n tó kó o jọ níbẹ̀ ni òjò àti ọ̀pẹ ń kó fún ọmọ níhìn-ín.

Láàárín ọdún tí òfin náà ṣì wà ni David Hinderer, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ Jámánì, àti Anna ìyàwó rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ wọ Ìbàdàn ní 1853. Olóyè Abẹ́rẹ́ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yejídé, lé wọn lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà. Anna Hinderer fẹ́ràn àwọn ọmọ, ó ń bá wọn kọrin, ó sì ń kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbésẹ̀ náà dáadáa: inú ọgbà ìjọ ni a kó ọmọ lọ. Láti ìgbà náà ni a ti ń ro ẹ̀kọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ọmọ ní láti jáde nílé kí ó tó rí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ ti 1882, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń torí rẹ̀ fún ilé-ìwé ní owó ìrànwọ́. Wọn kò ka èdè ilé sí. Ọmọ ti fi amọ̀ àti ọ̀pẹ sílẹ̀. Ó wá kù kí ó fi èdè sílẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọ inú ilé-ìwé

Àwọn aláṣẹ kan rí àṣìṣe yìí. Ní 1925, ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ jáde fún àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń ṣàkóso, èyí tí ó ní kí ẹ̀kọ́ bá ìgbésí ayé àwọn ará ibẹ̀ mu, kí a sì bọ̀wọ̀ fún èdè àti iṣẹ́ ọnà wọn. Ní 1927, Kenneth Murray dé sí Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ iṣẹ́ ọnà. Ṣáájú rẹ̀, Aina Onabolu ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní yíya àwòrán ní Èkó. Èrò àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Onabolu fẹ́ fi hàn pé ọmọ aláwọ̀ dúdú lè ya àwòrán bí ará Yúróòpù ti ń yà á. Murray fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ amọ̀, kí ó gbẹ́ igi, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí àwọn baba rẹ̀ ń ṣe. Mo gbà pé ohun tí ó tọ́ wà lẹ́nu àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè nípa ọmọ ọdún mẹ́rin.

Ohun tí ó ti ibẹ̀ kan ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa ni iṣẹ́ tí a ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi yóò rántí rẹ̀. Bí ìparí sáà bá ti ń sún mọ́lé, olùkọ́ yóò ní kí oníkálukú mú ìgbálẹ̀, agbọ̀n, ẹní tàbí omorogùn wá. Baba ni ó ń hun agbọ̀n, ọmọ ni ó ń gba máàkì. Nǹkan tí ọmọ ti ń ṣe fúnra rẹ̀ lójú àgbàlá nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún ti di ohun tí a ń ṣe fún un nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ilé-ìwé gba iṣẹ́ ọwọ́ wọlé, kò gba ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ọ wọlé.

Ọdún 1955 àti ọwọ́ tí ó gba orí kọjá

Ìgbésẹ̀ tí ó tóbi jù lọ ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955 lábẹ́ ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ọmọ agbègbè yìí ni ó wà nídìí ìwé tí ẹgbẹ́ Action Group fi gbé ètò náà kalẹ̀: Adékúnlé Ajáṣin, tí ó jẹ́ ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀, tí ó sì wá di gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 1979 sí 1983. Nǹkan bí 457,000 ọmọ ni ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ní 1955, wọ́n lé ní 800,000. Kò sí ẹni tí yóò ka iye yìí tí kò ní í kan sáárá. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ọmọ àwọn tí ètò náà gbé dìde ni wá.

Ṣùgbọ́n ohun kan sọnù tí a kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ṣáájú 1955, ọdún mẹ́jọ ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ọdún méjì àwọn ọmọ kékeré, lẹ́yìn náà ni Standard One títí dé Six. Kí owó àti olùkọ́ lè tó, ìjọba dín in kù sí ọdún mẹ́fà. Ọdún méjì tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ kékeré, tí a ti ń fi igi kéékèèké àti òkúta ka nǹkan, kò dá dúró mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà bọ́ sí kíláàsì kìíní tààrà. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ òbí kò ti ní ìwé ọjọ́ ìbí, a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ gba orí kọjá. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òdìkejì, ó tó wọ ilé-ìwé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan etí yóò padà sílé. Lójú ìjọba, ọmọ náà kò ì tí ì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Àlàfo yìí ni jẹ́lé-ó-sinmi wá dí. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè tí ó jáde ní 1977 dárúkọ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ó sì ní kí a fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ wọn, ṣùgbọ́n ó fi dídá ilé-ìwé náà sílẹ̀ fún aládàáni. Òbí tí ó ń san owó ń fẹ́ rí ohun tí owó rẹ̀ rà. Kò lè rí sùúrù, kò lè rí àfiwé, ṣùgbọ́n ó lè gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ABD gba àyè amọ̀, tí ọmọ ọdún mẹ́ta sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀. Nígbà tí òfin ẹ̀kọ́ ti 2004 wá fi ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kékeré kún ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè, àṣà náà ti fẹsẹ̀ rinlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ẹ̀rí wà pé ọ̀nà mìíràn ṣeé tọ̀. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Mọ̀dákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, fún ọdún mẹ́fà. Olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ni ó ń kọ́ wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́; wọ́n tilẹ̀ ta wọ́n yọ.

Ní Ifọ́n, ọ̀rọ̀ náà tún le díẹ̀ sí i. Ẹ̀ka-èdè tí ọmọ gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kì í ṣe Yorùbá inú ìwé. Ohùn gh tí ó wọ́pọ̀ ní ìhà ibẹ̀ kò sí nínú ábídí wa. Ìlú Ọ̀wọ̀ fúnra rẹ̀, Ọ̀ghọ̀ ni onílé ń pè é. Nígbà tí a fi àwọn ìwé J. F. Ọdúnjọ kọ́ wa, ìwé tí ó dára púpọ̀, Yorùbá àjùmọ̀lò ni a ń kà. Ọmọ Ifọ́n ní láti gòkè lẹ́ẹ̀mejì, láti èdè ilé sí Yorùbá ìwé, láti ibẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Jẹ́lé-ó-sinmi tí ó gbà á ní ọmọ ọdún mẹ́ta tí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì ti yọ àtẹ̀gùn méjèèjì kúrò, ó sì ń retí kí ọmọ fò.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó ní kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìpàdé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ní Àkúrẹ́, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò wá síbí láti bá ìjọba jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé láti ọjọ́ tí a ti ṣe ìkéde náà, ilé nìkan ni ó kù tí kò sí ẹni tí ó lè pàṣẹ èdè fún.

Ohun tí ó kù fún ilé

Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ilé-ìwé pa, ilé kò sinmi mọ́. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, àwọn òbí tí wọ́n kàwé dáadáa ń bi ara wọn pé, kí ni kí a máa bá ọmọ kékeré ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́? Ìbéèrè náà yà mí lẹ́nu, nítorí pé ìran tí ó ṣáájú wọn kò bi í rí. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ìdérí ìgò 48 àti páálí tí a da ihò 12 sí ti di ọpọ́n ayò. Àwo ẹ̀wà àti àgbàdo tí a pò mọ́ra tí ọmọ yóò ṣà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ìka àti fún ojú. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́ lè di ẹní lọ́wọ́ ọmọ tí kò rí koríko ẹní rí. Bí iná mànàmáná bá lọ, a lè bẹ̀rẹ̀ àlọ́. Ìyá tí ó ń ro ọkà lè fún ọmọ ní ìwọ̀nba ìyẹ̀fun tí a fi omi pò kí ó fi mọ ohun tí ó bá wù ú. Ohun tí gbogbo rẹ̀ ń béèrè kò ju àgbà kan lọ tí yóò máa bá ọmọ sọ̀rọ̀ ní èdè tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ dénú.

Ìkádìí

Mo mọ̀ pé ìyá tí ó ń lọ sí ọjà ní agogo mẹ́fà àárọ̀ kò lè jókòó ti ọmọ, n kò sì ní kí a ti jẹ́lé-ó-sinmi pa. Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkínní, kí àwọn tí ń kọ́ olùkọ́ ọmọ kékeré kọ́ wọn ní amọ̀, híhun, ayò àti àlọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ pàtàkì, kí ó má jẹ́ ohun tí a ń ṣe nígbà tí iṣẹ́ bá tán. Èkejì, kí ẹ̀ka wa yìí rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí Ifọ́n, sí Ìdóàní, sí Òkèlúsẹ̀ àti àwọn ìlú tí ó yí wọn ká, láti gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀: eré ọmọdé, orin òǹkà àti àlọ́ àpamọ̀, ní ẹ̀ka-èdè tí wọ́n fi ń ṣe é, pẹ̀lú gh inú rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò lè dúró de ọdún mẹ́wàá mìíràn, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń lọ. Ẹ̀kẹta, kí òbí kọ̀ọ̀kan fi wákàtí kan péré sọ́tọ̀ lójúmọ́ tí ilé rẹ̀ kò ní í sinmi.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ jẹ́ kí a fi etí sí òwe náà dáadáa. Ilé kan náà tí ọmọ yóò tà yìí ni ó yẹ kí ó ti kọ́ ọ.